"Mo ti pinnu láti jẹ ìrẹsì"

Ẹnìkan béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní ọmọ òun tí wọ́n bí sí London ló sọ fún ìyá-ìyá ẹ̀ lórí fóònù pé "màmá, mo ti pinnu láti jẹ ìrẹsì", ni màmá bá bú sẹ́rìn-ín, ẹni náà wá ní kí ló burú nínú ohun tọ́mọ sọ.

Kò sí gírámà tó bàjẹ́ níbẹ̀ o, ọ̀rọ̀ yẹn ló wúwo ju oúnjẹ lọ. Tí àgbàlagbà bá ní òun ti pinnu, ó ti rò ó síwá sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kó má tiẹ̀ sùn lóru ọjọ́ yẹn, ó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ tàbí kó fẹ́ kó jáde nílé ọkọ, ẹ ò sì lè bẹ̀ ẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ ti oúnjẹ, a ò kì í wá ọ̀rọ̀ kankan fún un, "ìrẹsì ni màá jẹ", ó tán. "Ni" yẹn ti bá ẹ ṣe gbogbo ìpinnu tó wà níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ míì wà tó fara jọ pinnu. Gbèrò ní tiẹ̀ ò tíì kúrò nínú ikùn, o ṣì lè yí i padà kẹ́nikẹ́ni má mú ẹ sí i. Sọ fún lánlọ́ọ̀dù ẹ pé ò ń gbèrò àtisanwó ilé, kó o wá wo ojú tó máa fi wò ẹ́.

Fẹnu kò sì rèé, ẹnìkan ò lè dá a ṣe, torí "kò" yẹn túmọ̀ sí pàdé, ẹnu ló pàdé ẹnu. Ẹbí lè pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú kí wọ́n tó fẹnu kò lórí ilé bàbá wọn. Àwọn oníròyìn tún máa ń sọ pé wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná, ohun kan náà ni.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni dájọ́, torí méjì ni: dá ọjọ́ àti dá ẹjọ́, ẹnu wa ti pò wọ́n pọ̀. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ là ń pè ní òṣìkà, ìyẹn ti ẹjọ́. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá sáré wá sọ pé "wọ́n ti dájọ́ fún Túndé o", ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá kóòtù ló ti ń bọ̀ àbí ilé àna.