Mo ti ṣiṣẹ́ nílé ìfọfun rí: èsì mi fún ẹni tó fẹ́ fọ ìfun

Àbúrò mi, o béèrè bóyá kó o lọ fọ ìfun ẹ bí ọ̀rẹ́ ẹ ṣe ń fọ tiẹ̀, torí pé inú ẹ máa ń wú, o sì lè lo ọjọ́ mẹ́rin kó o tó yàgbẹ́. Mo ti ka èsì táwọn èèyàn fún ẹ. Ẹnì kan ní ìgbẹ́ ọdún mẹ́wàá ló lẹ̀ mọ́ ẹ nínú tó ti di májèlé. Ẹlòmíì ní ẹni tí orí ẹ̀ ò pé nìkan ló ń ṣe irú ẹ̀. Mi ò bá ìkankan nínú wọn lọ délé. Mo ti ṣiṣẹ́ nílé ìfọfun rí. Èmi ni mo máa ń ṣí omi, èmi ni mo máa ń tì í, èmi náà ni mo sì máa ń jókòó ti rọ́bà tí ohun tó ń jáde ń gbà kọjá.

Rọ́bà yẹn gan-an ni wọ́n fi ń tajà. Wọ́n ṣe é kó mọ́ gaara, wọ́n tan iná sẹ́yìn ẹ̀, kí oníbàárà lè máa wo ohun tó ń ti ara ẹ̀ bọ̀. Ẹni náà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, a ó ki ẹnu páìpù kékeré bọ̀ ọ́ nídìí, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á wọlé, á dúró díẹ̀, a ó sì jẹ́ kó padà jáde. Bá a ó ṣe máa ṣe é lọ ṣe é bọ̀ nìyẹn. Omi tó máa gba ara ẹnì kan kọjá lè tó 60 lítà kó tó dìde. Omi lásán ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Tó bá yá, ègé ìgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, afẹ́fẹ́ á máa hó láàárín ẹ̀, wàá rí kóró èso tí eyín ò fọ́, wàá rí èèpo ewébẹ̀, nígbà míì wàá rí oògùn oníhóró tí kò tíì yòrò tán. Ikun funfun tó ń fà náà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa á nawọ́ sí i, á ní, “Ẹ wo májèlé!” Ikun lásán ni. Ìfun gbogbo èèyàn ló ń sun ún kí ìgbẹ́ lè yọ̀ kọjá. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó síbẹ̀, mi ò rí ìgbẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Ohun tó dà bí okùn dúdú tí wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀ kiri, inú rọ́bà tiwa kọ́ ló ti ń jáde. Àwọn tó ń mu ìyẹ̀fun ìfọfun nílé ló máa ń gbé fọ́tò ẹ̀ wá hàn wá: nǹkan gígùn, tó nípọn, tó ń yọ̀, tó tún rí kókó-kókó bí inú ìfun. Ẹni tó bá rí i jáde lára ẹ̀ á búra pé láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn páálí ìyẹ̀fun náà. Èèpo hóró ewéko kan tí wọ́n ń pè ní psyllium àti amọ̀ kan tó ń jẹ́ bentonite ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mo bu ìyẹ̀fun ọ̀hún sínú ife omi, mo rò ó pọ̀, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo dojú ife bolẹ̀, kò dà. Ó bọ́ sórí àwo lódindi, ó ń gbọ̀n, mo fi ìka fà á, ó ń fà tẹ̀lé mi. Ohun tó wà nínú fọ́tò ló wà lórí àwo mi yẹn, kò sì tíì dé inú ìfun ẹnikẹ́ni. Psyllium ló ń mu omi tó fi ń wú, amọ̀ ló ń mú kó le, ìfun ló sì ń fún un ní ìrísí bó ṣe ń gbà á kọjá. Ẹni tí kò bá mu ìyẹ̀fun náà kì í yà á.

Ẹ sì tún wò ó báyìí: awọ tó tẹ́ inú ìfun kì í pẹ́ láyé. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5, sẹ́ẹ̀lì tuntun ti rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ara kí wá ni ìgbẹ́ á lẹ̀ mọ́ fún ọdún mẹ́wàá? Ìfun ńlá ò ju nǹkan bíi mítà 1.5 lọ, ojoojúmọ́ sì làwọn dókítà ń ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́ káàkiri ayé. Awọ pupa tó ń dán ni wọ́n ń bá níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Mo rí àwọn tó fajú ro wọlé, tí wọ́n dìde tán tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. “Orí mi fúyẹ́.” “Inú mi ti rọ̀.” Wọn ò parọ́, ara wọn ló mọ̀ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá pe ẹni tó rí ìtura ní òmùgọ̀, ẹ ò ní rí i bá sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tó ń tajà fún un ló máa gbọ́. Ìtura yẹn jẹ́ òótọ́. Àlàyé tí wọ́n so mọ́ ọn ló jẹ́ irọ́, àlàyé ọ̀hún sì ti gbó. Ní 1887, oníṣègùn ará Faransé kan, Charles Bouchard, ti ń kọ́ àwọn èèyàn pé májèlé inú ara ẹni ló ń ṣe ẹni níkà. Élie Metchnikoff, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908, gbà pé ìfun ńlá ló ń sọ èèyàn di arúgbó. Ní London, William Arbuthnot Lane, oníṣẹ́ abẹ tó lórúkọ nígbà ayé ẹ̀, tiẹ̀ ń gé ìfun ńlá àwọn tí ìgbẹ́ ò lọ fún sọ nù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n o, kì í ṣe àwọn gbájúẹ̀.

Ọdún 1919 ni dókítà kan, Walter Alvarez, ní Amẹ́ríkà béèrè ohun tó yẹ kéèyàn ti béèrè tipẹ́: tó bá jẹ́ pé májèlé ló ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, báwo ni orí fífọ́ ṣe ń lọ ní kété téèyàn bá yàgbẹ́ tán? Ọtí kì í dá lójú ẹni tó mu ún yó kìkì nítorí pé wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 1922, oníwádìí míì, Donaldson, wá fi òwú ki ìsàlẹ̀ ìfun àwọn ọkùnrin tí nǹkan kan ò ṣe. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, ara wọn wúwo, ara ń kan wọ́n, àfi bí ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà. Òwú kì í tu májèlé sínú ẹ̀jẹ̀. Ìfun tó kún, tó ń nà, òun ló ń rán ìnira lọ sí orí. Bó bá ti tú, ìnira á tú. Ohun tí mo rí lójú àwọn oníbàárà wa nìyẹn. Bí wọ́n bá yàgbẹ́ dáadáa nílé, ìtura kan náà ni.

Ní ti májèlé, iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín nìyẹn. Kíndìnrín nìkan ń sẹ́ nǹkan bíi 180 lítà omi inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Rọ́bà ìdí ò dé àdúgbò yẹn. Kílò tí wọ́n ní ó dín kù lórí ìwọ̀n, omi àti ìgbẹ́ ni, á padà wá tó o bá ti jẹun tó o sì mu omi.

Wàyí o, ibi tó ti ń ṣeni níbi. Ìfun ńlá ló ń fa omi àti iyọ̀ padà sínú ara, nítorí náà, ẹni tó bá ń da omi gba ibẹ̀, tó tún ń mu oògùn ìyàgbẹ́ mọ́ ọn, ń da iyọ̀ ara ẹ̀ rú. Bàbá kan wà tó ń lo oògùn tó ń mú kéèyàn tọ̀ nítorí ọkàn ẹ̀, tó sì ti fi ìyẹ̀fun ìfọfun gbọn inú dànù fún ọjọ́ mélòó kan kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà, iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ fà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní àyà òun ń fò. Ọsibítù tá a gbé e lọ sọ fún wa pé potassium, ọ̀kan lára iyọ̀ ara, ti lọ sílẹ̀ jù lára ẹ̀. Nǹkan yẹn lè dá ọkàn dúró. Ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn ń yọ lẹ́nu, aláboyún, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìfun, ẹni tó ní àrùn Crohn (àrùn tó ń mú kí inú ìfun wú kó sì légbò), kí wọ́n má tiẹ̀ dán an wò.

Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Láàárín 1978 sí 1980, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, àìsàn amíbà, èyí tí kòkòrò kan tí ojú lásán ò lè rí ń fà nínú ìfun, ran àwọn tó ń lọ sí ilé ìtọ́jú kan. Ẹni 36 ló kó o, wọ́n gé ìfun ńlá ẹni 10, ẹni 6 kú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ ìfọfun ibẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe máa ń fọ̀ ọ́, kòkòrò inú ìgbẹ́ ṣì kún inú ẹ̀. Ìtàn yẹn kò yà mí lẹ́nu, torí mo mọ bá a ṣe ń fi ìkánjú fọ tiwa nígbà tí èrò bá pọ̀ lórí ìjókòó.

Kọfí tí wọ́n ń fà sí ìdí, tí wọ́n ní ó ń wo jẹjẹrẹ, burú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ní 1980, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ròyìn ẹni méjì tó tipa ẹ̀ kú. Wọ́n tún ṣe ìwádìí kan lórí àwọn tó ní jẹjẹrẹ àmọ́ (ti ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn, pancreas, ni mo ń sọ), tí àbájáde ẹ̀ jáde ní 2010. Àwọn tó yan oògùn jẹjẹrẹ lo bí oṣù 14 láyé, àwọn tó yan ètò tí kọfí ìdí wà nínú ẹ̀ lo bí oṣù 4.

Ohun tó lé mi kúrò níbẹ̀ gan-an rèé. Obìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ wa déédéé, ó ti san owó sílẹ̀ fún ìgbà púpọ̀. Ó ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nínú ìgbẹ́. Ọ̀gá wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó ní májèlé ló ń jáde, kó máa bọ̀. Ìtura tó ń rí níbẹ̀ ló jẹ́ kó gbà á gbọ́. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, jẹjẹrẹ ìfun ni wọ́n bá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó ní kí n bá òun wo owó tó ṣẹ́ kù nínú èyí tóun san. Ọ̀gá ní a kì í dá owó padà.

Mi ò bá ewé àti egbò jà o. Senna tí ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ tíì ìfọfun, ewé ni, ó sì wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO. Artemisinin tó ń pa ibà, ara ewé ni wọ́n ti fà á, Tu Youyou, onímọ̀ ará Ṣáínà, sì gba Nobel lórí ẹ̀ ní 2015. Psyllium tí mo rò sínú ife yẹn, oògùn gidi ni fún ẹni tí ìgbẹ́ ò lọ fún, bó bá fi omi púpọ̀ mu ún. Lọ ra á lórúkọ ara ẹ̀, ó máa ń dín owó gan-an sí èyí tí wọ́n kọ “detox” (ìyẹn, amúmájèlé-kúrò) sí lára. Fífọ̀ ìfun náà ní àyè tiẹ̀: kí wọ́n tó fi kámẹ́rà wo ìfun, wọ́n á fún ẹ ní omi PEG, oògùn ìyàgbẹ́ kan tó ń jẹ́ kí omi dúró nínú ìfun, tí wọ́n ti wọn iyọ̀ sí kí ti ara ẹ má bàa dà rú, nọ́ọ̀sì sì ń kọ́ àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn bà jẹ́ bí wọ́n á ṣe máa fomi tú ìgbẹ́ wọn.

Ìwọ ẹ̀wẹ̀. Ẹni tí kò yàgbẹ́ tó ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ẹni tí ìgbẹ́ ò lọ fún, o ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Fi nǹkan tó ní fáíbà (ohun inú ewébẹ̀, èso àti hóró tí ara kì í lọ̀ tán) sí oúnjẹ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí fáíbà náà á fi tó nǹkan bíi gíráàmù 25 lójúmọ́. Tó o bá kó o mọ́ra lẹ́ẹ̀kan, inú ẹ á wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Jókòó sí ilé ìgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, torí oúnjẹ tó bá wọ ikùn máa ń jí ìfun ńlá. Gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré kí orúnkún ga ju ìbàdí. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ẹ́, má dì í mú. Bí ìyẹn ò bá tó, psyllium tàbí PEG ti ilé oògùn. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá láìyàtọ̀, lọ rí dókítà. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lo rí, tàbí ò ń rù láìnídìí, tàbí ẹnì kan nínú ẹbí yín ti ní jẹjẹrẹ ìfun, má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan.

Nǹkan kan kù tó ò sọ: oògùn wo lò ń lò lọ́wọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-irin, kálíṣíọ̀mù, àti oògùn ìrora tó ní codeine, gbogbo wọn ló ń mú ìgbẹ́ gan. Wo ara páálí wọn kó o wá sọ fún mi.