Rùwáńdà ní òun kò sí ní Kóńgò: ibo ni ká yẹ̀ wò?

Ìbéèrè: Olùkọ́ Government ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Àwọn ọmọ SS2 mi ń bi mí pé, ṣebí Kóńgò (èyí tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Kinshasa) àti Rùwáńdà jọ wà nínú EAC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ààrẹ wọn sì ti jọ fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, báwo làwọn èèyàn ṣe tún ń sọ pé ọmọ ogun Rùwáńdà wà nínú Kóńgò? Ọ̀kan ń sẹ́, èkejì ń pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ́ wọn láti máa wò kí wọ́n tó gba ẹnikẹ́ni gbọ́? Tí wọ́n bá sì kéde pé ogun ti kúrò, báwo la ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ni ká kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Oṣù Kẹrin 2022 ni Kóńgò wọ EAC, Rùwáńdà sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Jíjọ wà nínú ẹgbẹ́ kò dá ọmọ ogun kankan dúró ní ibodè. Bí àwọn ọmọ yín bá yẹ ìtàn ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wò, wọ́n á rí i pé ìgbà tí àárín àwọn méjèèjì gún jù ni wàhálà sábà máa ń bẹ́. Ní 1996 sí 1997, ọmọ ogun Rùwáńdà ló ti Laurent-Désiré Kabila, olórí ọlọ̀tẹ̀, lẹ́yìn títí ó fi lé Mobutu, ààrẹ Kóńgò, kúrò lórí oyè. Kódà James Kabarebe, ọ̀gágun Rùwáńdà, ló wá di olórí àwọn ọmọ ogun Kóńgò. Ní oṣù Keje 1998, Kabila ní kí àwọn ọmọ ogun àlejò máa lọ sílé wọn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, ọ̀tẹ̀ ti bẹ́ ní ìlà-oòrùn, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Rùwáńdà fi bàálù kó ọmọ ogun láti Goma, ìlú ńlá ní ìlà-oòrùn, lọ sí Kitona nítòsí òkun Àtìláńtíìkì, ìyẹn ìpẹ̀kun kejì orílẹ̀-èdè náà. Ọpẹ́lọpẹ́ Áńgólà àti Sìmbábúwè, Kinshasa ì bá bọ́ mọ́ Kabila lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù Kẹfà 2021, tí Ààrẹ Tshisekedi ti Kóńgò àti Ààrẹ Kagame ti Rùwáńdà jọ ṣe àdéhùn òwò, títí kan ti wúrà. Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ M23 fi yọ lórí òkè Chanzu àti Runyoni.

Ìtàn M23 fúnra rẹ̀ kan ilé wa. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta 2009 ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, ọjọ́ tí ìjọba Kóńgò àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ CNDP fọwọ́ sí àdéhùn ní Goma. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, àti Benjamin Mkapa ti Tànsáníà ló là wọ́n níjà. Wọ́n kó àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà sínú iṣẹ́ ológun Kóńgò. Ní 2012 wọ́n ní ìjọba kò mú àdéhùn ṣẹ, wọ́n dìtẹ̀, wọ́n gba Goma ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sì jáde níbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Wọ́n tún gbà á ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2025, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò rí bíi ti àkọ́kọ́: wọ́n jókòó, wọ́n yan gómìnà tiwọn.

Ó wá kan ẹ̀rí. Tí àwọn ọmọ bá rí fídíò tí ọlọ̀tẹ̀ ti gbé ìbọn AK tàbí àgbá kékeré dání, kí wọ́n má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Kóńgò ti sá fi irú rẹ̀ sílẹ̀ lójú ogun lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. Ohun ìjà tó yẹ ká fiyè sí ni èyí tí ẹni tó jí i gbé kò lè lò: èyí tó nílò ẹni tó ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ṣẹ́ rẹ̀, tó ní ẹ̀yà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀, tí ọta rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀nà kan wọlé. Ní oṣù Kejì 2024, ìwé kan láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ọkọ̀ tó ń yin ohun ìjà ajábàálù, tí wọ́n fura pé ti ọmọ ogun Rùwáńdà ni, kọjú sí dúróònù àjọ náà ní Àríwá Kivu, ìpínlẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn Kóńgò. Kò bà á. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní gbangba pé kí Rùwáńdà kó ọmọ ogun rẹ̀ àti àwọn ohun ìjà ajábàálù náà kúrò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rántí pé ọ̀rẹ́ Rùwáńdà ló sọ èyí. Tí ọ̀tá bá fẹ̀sùn kan èèyàn, ó lè jẹ́ ti ìjà. Tí ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ bá wá la ẹnu, ó ti rí nǹkan.

Lẹ́yìn ohun ìjà, ẹ béèrè ẹni tó ń pàṣẹ. Ibi tí ìwé kan ṣe pàtàkì sí nìyí: ìròyìn Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún Kóńgò ní 2004. Wọ́n máa ń gbé ìròyìn ńlá méjì jáde lọ́dún, ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀kan ní ìdajì ọdún. Kò sí ẹni tí a kọ̀ fún láti kà á, orí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ náà ló wà. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ S/2024/432 ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ó fojú bù ú pé ọmọ ogun Rùwáńdà tó wà nínú Kóńgò tó 3,000 sí 4,000, ó sì sọ pé Rùwáńdà ló ń darí iṣẹ́ M23 ní ti gidi. Àwọn onímọ̀ náà tún ti kọ nípa dída àmì GPS rú lágbègbè náà, ohun tí ẹgbẹ́ inú igbó kì í dá ṣe, àti nípa àyè tí Ùgáńdà fi sílẹ̀ fún M23. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ ka àkópọ̀ tó wà níwájú nìkan. Ẹ̀yìn ìwé, níbi tí wọ́n kó àwòrán sátẹ́láìtì, fọ́tò aṣọ ogun àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí wọ́n mú sí, ni iṣẹ́ náà wà.

Àléébù ìwé yẹn kan ṣoṣo ni pé ó máa ń pẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù yìí lè má dé inú rẹ̀ títí oṣù mẹ́fà. Láàárín àkókò yẹn, àhesọ ló máa ń gba ìgboro, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ ìròyìn ti ń ṣìnà. Àṣìṣe tó burú jù nínú wọn ni kí èèyàn gbọ́ tí ọlọ̀tẹ̀ ń sọ Kinyarwanda, kó sì ní "ẹ rí i, ará Rùwáńdà ni!" Àwọn ọmọ Kóńgò tí Kinyarwanda jẹ́ èdè abínibí wọn pọ̀ ní Kivu, láti ìgbà ayé àwọn baba ńlá wọn. Irú ọ̀rọ̀ yẹn ni àwọn jàǹdùkú fi ń pa aládùúgbò wọn. Mi ò ní gbà á nínú ìdánwò, bó ti wù kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ dáadáa tó.

Kẹ́ ẹ sì fún Rùwáńdà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn ìpẹ̀yàrun 1994, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ ibi náà dà pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sá lọ sí Kóńgò. Inú wọn ni ẹgbẹ́ FDLR ti ṣẹ̀ wá. Kigali, ìyẹn ìjọba Rùwáńdà, ní òun ń dáàbò bo ààlà òun lọ́wọ́ wọn ni, òun kò sì darí M23. Ìròyìn àwọn onímọ̀ kan náà kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun Kóńgò ń bá FDLR ṣiṣẹ́ pọ̀, nítorí náà ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe àròsọ. Kinshasa náà kó ajagun-gbowó wá: nígbà tí Goma bọ́, ó lé ní igba ará Ròméníà tó gba inú Rùwáńdà lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníròyìn CNN bi Kagame ní oṣù Kejì 2025 bóyá ọmọ ogun rẹ̀ wà ní Kóńgò, ó ní òun kò mọ̀. Olórí gbogbo ọmọ ogun ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn wo ìdáhùn yẹn.

Owó ni màá ní kí ẹ lo àkókò lé lórí jù, torí òun ló rọrùn láti yẹ̀ wò pẹ̀lú ìṣirò lásán. Ní ìparí oṣù Kẹrin 2024, M23 gba Rubaya ní Masisi, níbi tí wọ́n ti ń wa coltan, òkúta tí wọ́n ti ń yọ tantalum tó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Olórí iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Kóńgò sọ fún Ìgbìmọ̀ Ààbò pé ohun tó ń jáde ní àyíká Rubaya ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tantalum àgbáyé lọ. Ìròyìn àwọn onímọ̀ náà ti òpin 2024 ní M23 ń gba dọ́là 7 lórí kílò kan, àti pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 120 ló ń jáde lóṣù. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é: 120,000 kílò nígbà 7 jẹ́ 840,000 dọ́là. Ìròyìn náà kọ ó kéré tán 800,000 lóṣù. Ó bára mu. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, 300,000 ni wọ́n ń pè é, nítorí náà tí wọ́n bá rí nọ́ńbà méjì tó yàtọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ wo oṣù tí wọ́n kọ ọ́ kí wọ́n tó pe ẹnìkan ní òpùrọ́.

Báwo ni òkúta náà ṣe ń di ti Rùwáńdà? Àpò coltan tó bá tọ̀nà máa ń gba àmì ní ibi tí wọ́n ti wà á, àmì yẹn ló ń bá a dé ọ̀dọ̀ ayọ́rin. Àpò Rubaya kò lè gba àmì mọ́. Ó máa ń sọdá ibodè ní òru, wọn á pò ó mọ́ èyí tí wọ́n wà ní Rùwáńdà, á gba àmì Rùwáńdà. Ó kéré tán tọ́ọ̀nù 150 ni àwọn onímọ̀ náà ní ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀. Rùwáńdà ní coltan tirẹ̀, ẹ má gbàgbé, nítorí náà pé ó ń tà kò túmọ̀ sí olè. Ìbéèrè tó tọ́ ni bóyá ohun tó tà ju ohun tí kòtò rẹ̀ lè mú jáde lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́n á wá béèrè pé, bí ẹ̀rí bá pọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí ìyà kò dé? Ẹ fi 2012 wé 2022. Ní 2012 àwọn olùrànlọ́wọ́ dá owó dúró. Bírítéènì nìkan di mílíọ̀nù 21 pọ́n-ún mú. Lọ́dún kejì, ọmọ ogun 3,069 láti South Africa, Tànsáníà àti Màláwì dara pọ̀ mọ́ ti Kóńgò, M23 sì fọ́nká ní oṣù Kọkànlá 2013. Nígbà tí M23 padà, Rùwáńdà ti di ẹni tí gbogbo ayé nílò. Láti oṣù Keje 2021 ni ọmọ ogun rẹ̀ ti ń bá wọn ṣọ́ Cabo Delgado ní Mòsáńbíìkì, níbi tí TotalEnergies, iléeṣẹ́ epo ilẹ̀ Faransé, ti fẹ́ wa gáàsì. Ìṣọ̀kan Yúróòpù fún àwọn ọmọ ogun náà ní mílíọ̀nù 20 yúrò ní òpin 2022, ó tún fi 20 kún un ní oṣù Kọkànlá 2024, nígbà tí ìròyìn tí mo dárúkọ lókè ti wà nílẹ̀. Ìgbà tí Goma àti Bukavu, ìlú ńlá kejì ní ìlà-oòrùn, ti bọ́ tán ni wọ́n tó ṣe nǹkan tó le: Amẹ́ríkà fi òfin de Kabarebe ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 2025, Ìgbìmọ̀ Ààbò fi ohùn kan dárúkọ Rùwáńdà lọ́jọ́ kejì nínú ìpinnu 2773, Yúróòpù sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹta. Lójú tèmi, gáàsì yẹn ṣàlàyé ju ìwé àdéhùn kankan lọ.

Ní ti kíkó ogun kúrò, ẹ kọ ọjọ́ ìkéde sí apá kan, ọjọ́ tí ọmọ ogun ìjọba padà wọ ìlú sí apá kejì. M23 wọ Walikale ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 2025, wọ́n kéde ní ọjọ́ 22 pé àwọn ń jáde, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin ni wọ́n tó lọ. Àwọn ààrẹ méjèèjì fọwọ́ sí ìwé ní Washington ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 2025; ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí M23 fi wọ Uvira, ìlú míì ní ìlà-oòrùn. Nígbà tí Amẹ́ríkà bínú, wọ́n tún kéde pé àwọn ń lọ.

Ẹ sì ya ohun méjì sọ́tọ̀. Ọmọ Kóńgò ni ọ̀pọ̀ ọmọ M23, ibi tí wọn yóò padà sí ò sí. Ti Rùwáńdà ni a lè sọ pé ó kúrò, kò sì sí ẹni tí yóò rí tírélà tó ń tò lọ ní ọ̀sán gangan. Àìsí rẹ̀ ni wọ́n á fi mọ̀: àmì GPS á dúró dáadáa, ohun ìjà ajábàálù á dákẹ́, M23 á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ìlú tó ń dì mú tẹ́lẹ̀. Àdéhùn Washington so kíkúrò Rùwáńdà mọ́ pípa FDLR run láti ọwọ́ Kinshasa. Kigali lè máa sọ pé FDLR ṣì wà, Kinshasa lè máa sọ pé kò sí bí òun ṣe lè débẹ̀ nígbà tí M23 dí ọ̀nà. Kí àwọn ọmọ ka abala yẹn nínú àdéhùn náà, kí wọ́n wá ibi tó ti kọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀.