Kí ni ìtumọ̀ "ṣíṣí A20", kí ló sì kan kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀?

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kánẹ̀lì (prógíráàmù tó jẹ́ ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) fúnra rẹ̀ ló bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo kóòdù tí mò ń wò ni wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ ṣí A20 kí kánẹ̀lì tó gbéra, wọ́n á wá lọ máa bá kíbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Kí ni A20 yẹn gan-an, kí ló kan kíbọ́ọ̀dù nínú ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì? Àbí àṣà lásán ni?"

Àṣà ni o, àmọ́ kì í ṣe lásán. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá a bọ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe é ò tiẹ̀ mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Àdírẹ́ẹ̀sì ni A yẹn dúró fún. Tí CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá fẹ́ mú nǹkan nínú mẹ́mọ́rì, ṣe ló máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ sórí àwọn wáyà kan, iná lè wà lórí wáyà tàbí kó má sí, kò sí ìkẹta. Wáyà àkọ́kọ́ ń jẹ́ A0 torí òdo làwọn èèyàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà wọn, tó túmọ̀ sí pé A20 kì í ṣe ogún o, òun ni ìkọkànlélógún. Mo tẹnu mọ́ ọn torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo wàhálà wà. 8086, CPU tí Intel gbé jáde ní 1978, wáyà 20 ló ní, A0 sí A19. Wáyà 20 ò lè kà ju 1,048,576 báìtì lọ, mẹ́gábáìtì kan péré. A20 ò sí lára ẹ̀ rárá.

Ọ̀nà tí 8086 ń gbà kọ àdírẹ́ẹ̀sì wá tún lọ́ díẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló ń lò, ó máa fi 16 sọ èkíní di púpọ̀, ó wá ro èkejì mọ́ ọn. Tó o bá mú èyí tó ga jù nínú méjèèjì, ìyẹn FFFF:FFFF ní hex (ìkà onípò 16, FFFF jẹ́ 65,535), wàá rí i pé ó kọjá mẹ́gábáìtì kan pẹ̀lú báìtì 65,520. Wáyà tó yẹ kó gbé àṣẹ́kù yẹn ò sí, torí náà àṣẹ́kù yẹn á kàn dànù ni. Ṣé o mọ mílíèjì ọkọ̀ dánfó tó ti dàgbà, tó bá dé 999999, tó bá tún yí ẹyọ kan, 000000 lo máa rí? Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá kọjá òpin mẹ́mọ́rì á bá ara ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kà sí àléébù làwọn kan sọ di ọgbọ́n. Wọ́n kọ prógíráàmù tó mọ̀ọ́mọ̀ ń kọjá òpin kó lè ṣẹ́rí padà sí òdo, kódà MS-DOS, ètò tó ń darí PC nígbà yẹn, fúnra ẹ̀ ní ọ̀nà kan tó jogún látọ̀dọ̀ CP/M, ètò míì tó ṣáájú ẹ̀, tó gbára lé yíyípo yẹn. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò pariwo.

Nígbà tó di 1982, Intel gbé 286 dé pẹ̀lú wáyà 24, mẹ́gábáìtì 16 odindi. A20 ti wà báyìí. 286 lè ṣe bíi 8086 àtijọ́ kí prógíráàmù àtijọ́ lè rìn lórí ẹ̀, àmọ́ ibì kan wà tí kò ti ṣe é dáadáa: kò yí padà sí òdo mọ́, ṣe ló ń lọ tààrà wọ mẹ́gábáìtì kejì. IBM tó fẹ́ fi ṣe kọ̀ǹpútà PC/AT ní 1984 ò fẹ́ kí prógíráàmù àwọn oníbàárà wọn kú, ni wọ́n bá fi géètì sórí wáyà A20. Tí géètì bá tì, wáyà yẹn á máa jẹ́ òdo títí láé, CPU á sì máa yípo bíi ti bàbá ẹ̀. Tó bá ṣí, mẹ́mọ́rì ti pé.

Ta ló máa wá di kọ́kọ́rọ́ géètì mú? 8042, chip tó ń bójú tó kíbọ́ọ̀dù, ní ẹsẹ̀ kan tí wọn ò lò fún nǹkan kan. Ibẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Ìdí ẹ̀ nìyẹn jàre, kò sí awo kankan níbẹ̀. Ó dà bíi láńdílọ́ọ̀dù tó gbé swíìṣì gbogbo ilé sínú kíṣìnì ayálégbé kan torí pé ibẹ̀ ni ògiri ti ṣófo, gbogbo ẹni tó bá wá gbé ilé yẹn lẹ́yìn náà á wá máa kan ilẹ̀kùn ìyá yẹn kó tó lè tan iná.

Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i pé nínú èdè wa, ogún tá a fi ń kà àti ogún tá a máa ń pín nígbà tí bàbá bá lọ, bákan náà la ṣe ń pè wọ́n. Wáyà ogún ti 8086 ti di ogún fún gbogbo wa lóòótọ́, gbèsè sì wà lára ẹ̀.

Tó ò bá ṣí i ńkọ́? Gbogbo mẹ́gábáìtì tó jẹ́ ìkejì á padà di èkíní, ìkẹrin á di ìkẹta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì mẹ́mọ́rì ẹ ti lọ nìyẹn. Èyí tó wá burú jù ni pé àdírẹ́ẹ̀sì mẹ́gábáìtì kan gan-an ni wọ́n sábà máa ń gbé kánẹ̀lì Linux sí. Tí géètì bá tì, òdo lò ń kọ ọ́ sí, báìtì 1,024 tó sì wà ní òdo ni CPU ti ń wo ibi tó yẹ kó sáré lọ tí aago tàbí kíbọ́ọ̀dù bá pè é, BIOS, prógíráàmù inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà tó sì ń bá ẹ ka dísìkì, náà ibẹ̀ ló gbára lé. Kò ní sọ fún ẹ pé nǹkan bà jẹ́ o, ó kàn máa dákẹ́ ni tàbí kó máa tan tó máa kú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣí i pọ̀, torí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ò fẹnu kò. O lè bẹ BIOS, int 15h (ìpè sí BIOS) pẹ̀lú 2401 nínú AX (àpò nọ́ńbà kan nínú CPU), hex ni gbogbo nọ́ńbà tí mò ń kọ níbí. O lè lọ sọ́dọ̀ 8042, fi D1 sí pọ́ọ̀tù 64 (pọ́ọ̀tù ni ẹnu ọ̀nà tí CPU ń gbà bá chip míì sọ̀rọ̀), kó o wá fi DF sí pọ́ọ̀tù 60, bí Linus Torvalds tó dá Linux sílẹ̀ ṣe ṣe é nínú Linux àkọ́kọ́ ní 1991 nìyẹn. O sì lè lo pọ́ọ̀tù 92, tó yá ju ìyẹn lọ, bíìtì 1 ni A20 níbẹ̀ (bíìtì ni òdo tàbí ọ̀kan kọ̀ọ̀kan tó wà nínú nọ́ńbà, láti òdo náà ni wọ́n ti ń kà á). Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn èyí tó yá, ẹ rọra o: bíìtì 0 ní pọ́ọ̀tù 92 yẹn ló ń tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ yìí kọ 3, tó jẹ́ bíìtì méjèèjì pa pọ̀, síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó lé ní wákàtí méjì tí mo fi ń wo bí ẹ̀rọ ṣe ń kú tó ń jí, mo ti ń bú dísìkì. Kọ́kọ́ ka ohun tó wà níbẹ̀, fi bíìtì 1 kún un, yọ bíìtì 0 kúrò, kó o tó kọ ọ́ padà.

Àmọ́ lójú tèmi o, ṣíṣí yẹn kọ́ ni ọgbọ́n inú ẹ̀, àyẹ̀wò ni. Wo bí Linux ṣe ń ṣe é nínú fáìlì kóòdù ẹ̀ tó ń jẹ́ a20.c. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó máa kọ nọ́ńbà kan sí àdírẹ́ẹ̀sì 200, ní hex o, á wá lọ kà á láti FFFF:0210, tó jẹ́ ibi kan náà tí géètì bá tì, tó sì fi odindi mẹ́gábáìtì kan jìnnà tó bá ṣí. Tí wọ́n bá bára mu, ó lè jẹ́ kòńgẹ́, torí náà á fi ẹyọ kan kún nọ́ńbà yẹn, á tún wò, á tún fi kún un. Tó bá rí i pé ó ti ṣí, á fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá ṣí, BIOS ló kọ́kọ́ máa bẹ̀, lẹ́yìn náà 8042, pọ́ọ̀tù 92 ló kẹ́yìn, lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan á tún yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn àyẹ̀wò ìgbẹ̀yìn sì gùn gan-an torí géètì ẹ̀rọ míì máa ń lọ́ra. Á yí gbogbo ẹ̀ po tó ìgbà 255 kó tó gbà pé kò ṣeé ṣe, á wá kọ "A20 gate not responding, unable to boot...", ó parí.

Lóde òní, tó bá jẹ́ UEFI, èyí tó rọ́pò BIOS, ló gbé kánẹ̀lì ẹ dìde, A20 ti ṣí kó o tó dé. Intel gan-an ti yọ géètì yẹn kúrò nínú CPU wọn látìgbà Haswell, ìran CPU wọn ti 2013. Torí náà tó bá jẹ́ UEFI nìkan lò ń kọ kánẹ̀lì ẹ fún, fò ó, má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu. Tó bá jẹ́ BIOS, kọ kóòdù àyẹ̀wò yẹn kó o tó kọ ohunkóhun míì, má sì tìtorí pé ó ṣiṣẹ́ nínú QEMU (prógíráàmù tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà) máa yọ̀, QEMU máa ń ti ṣí i fún ẹ ni. Fúnra ẹ ni kó o fi pọ́ọ̀tù 92 tì í pa níbẹ̀rẹ̀ kóòdù ẹ, kó o wá wò ó bóyá kánẹ̀lì ẹ á mọ̀ pé ó tì.