Má fi oògùn ìrora bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ lójú ọ̀nà òkè

Àbúrò mi, mo ka ohun tó o kọ. O ní ọjọ́ mẹ́fà lo fẹ́ fi rìn lórí òkè pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, orúnkún ọ̀tún ń yọ ọ́ lẹ́nu, o ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnì kan sì sọ fún ọ pé kó o máa gbé ibuprofen mì láràárọ̀ kí ìrora tó bẹ̀rẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, ojú mi sì rí màbo.

Ọjọ́ kẹrin la wà. Láti ọjọ́ kejì ni orúnkún ti ń dùn mí, ó sì ti di àṣà mi pé bí mo bá ti jí, kí n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, màá gbé hóró ibuprofen méjì mì, èyí tó jẹ́ 200 mílígíráàmù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án, méjì. Bá a bá pàgọ́ nírọ̀lẹ́, méjì. Bí mo bá fẹ́ sùn, méjì míì. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ yẹn, odò kékeré tá a fojú sí lójú ọ̀nà ti gbẹ, ìwọ̀nba omi tó kù nínú ike ni mo fi ń tọ́ ètè. Orúnkún ò dùn mí rárá, inú mi tiẹ̀ ń dùn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, mo lọ tọ̀ sẹ́yìn àpáta funfun kan. Ohun tó jáde lára mi kò lè kún ìdérí ike omi, ó sì dúdú bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo dúró, mò ń wò ó bó ṣe ń ṣàn wálẹ̀ lára òkúta yẹn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti ń bì.

Ọjọ́ méjì la fi sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, kíndìnrín mi ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀. Omi tí wọ́n fà sí mi lára ló kó mi yọ, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí àyẹ̀wò tó padà sí bó ṣe yẹ. Ní ti orúnkún tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo ìyẹn, ó ti wú débi pé mi ò lè ká ẹsẹ̀.

Dókítà ló là á yé mi. Bí omi bá gbẹ lára èèyàn, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní prostaglandin ni kíndìnrín fi ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tó ń wọ inú rẹ̀. Èròjà yìí kan náà ló ń mú kí ojú ibi tó fara pa máa ro, kó sì wú. Òun náà ló tún ń dáàbò bo ikùn kí omi kíkan tó ń da oúnjẹ má bàa jẹ ẹ́ lára. Ìdílé kan náà ni ibuprofen, naproxen, diclofenac àti aspirin, iṣẹ́ gbogbo wọn sì ni láti dá èròjà yẹn dúró. Wọn ò mọ ìyàtọ̀ láàárín orúnkún àti kíndìnrín. Ẹni tó wà nílé, tó jẹun, tó mu omi dáadáa, ó lè má mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù gun òkè nínú oòrùn, kíndìnrín rẹ̀ ti ń jà kó tó gbé oògùn sẹ́nu. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 dán an wò lára àwọn tó ń sáré ọ̀nà jíjìn: wọ́n fún àwọn kan ní ibuprofen 400 mílígíráàmù ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n fún àwọn yòókù ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Nínú 100 àwọn tó lo ibuprofen, 52 ni kíndìnrín wọn fara gbá a. Lọ́dọ̀ àwọn yòókù, 34 ni.

Paracetamol ni mo kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí báyìí. Kì í fa wíwú wálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í bá ikùn àti kíndìnrín jà bíi tàwọn yẹn. Fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, hóró méjì oní 500 mílígíráàmù, kó sì tó wákàtí mẹ́fà kí n tó lo òmíì. 4,000 mílígíráàmù ni òpin láàárín wákàtí 24, àmọ́ 3,000 ni èmi ń dúró sí lórí òkè, torí oúnjẹ kì í tó èèyàn níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ni paracetamol ń bà jẹ́ bó bá pọ̀ jù, ohun tó sì ń dẹ́rù bà mí nípa rẹ̀ ni pé ara onítọ̀hún lè dá ṣáṣá lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ̀dọ̀ ti ń kú lọ nínú. Má dúró de àmì. Bó o bá ti rí i pé o ti lò ó kọjá òpin, wá ilé ìwòsàn lọ.

Wo oògùn ọ̀fìnkìn dáadáa pẹ̀lú. Ẹnì kan tá a jọ rìn ń gbé paracetamol mì nítorí ẹ̀yìn ríro, ó tún ń po oògùn ọ̀fìnkìn oníyẹ̀fun mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo gba páálí rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀: paracetamol ló wà nínú ìyẹn náà. Ní Amẹ́ríkà, acetaminophen ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Nǹkan kan náà ni.

Mi ò pa ibuprofen tì. Ó ṣì ń wọ àpò mi, ṣùgbọ́n inú àgọ́ nìkan ni mo ti ń lò ó, lẹ́yìn tí mo bá ti jẹun, tí mo ti mu omi títí ìtọ̀ mi fi mọ́, tí kò sì sí ìrìn mọ́ títí di ọjọ́ kejì. 200 tàbí 400 lẹ́ẹ̀kan, kì í kọjá 1,200 lójúmọ́, mi ò sì ń lo méjì nínú ìdílé yẹn pọ̀. Bí mo bá ní láti lò ó ju alẹ́ mẹ́ta léra lọ, ilé ti yá nìyẹn.

Ìdí míì tí mi ò fi ń lò ó kí n tó rìn ni pé mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ mi ń sọ. Ara tó ń ro káàkiri torí àárẹ̀, ìyẹn ò ní nǹkan ṣe. Ìrora tó wà lójú kan ṣoṣo lórí eegun, tó o lè fi ìka kan tẹ̀ kó o sì ta gìrì, ó lè jẹ́ pé eegun ti fẹ́ là. Bó o bá pa á lẹ́nu mọ́ láàárọ̀, wàá rìn ín títí yóò fi kán. Fún orúnkún rẹ, dín ẹrù kù, mú ọ̀pá méjì dání fún ìsọ̀kalẹ̀, máa sinmi kó tó di dandan. Oògùn kan ò lè ṣe tó ìyẹn.

Orí tó ń fọ́ èèyàn níbi tó ga ju mítà 2,500 lọ, má fi oògùn tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó o máa gòkè lọ. Lo oògùn bó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n dúró síbi tó o wà títí yóò fi lọ. Ẹni tó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú, tàbí tí kò lè mí délẹ̀ lórí ìjókòó, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lóru yẹn, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó máa mọ́. Ẹni tó bá ṣubú tó forí gbálẹ̀, má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i.

O tún béèrè nípa tramadol. Mi ò ń gbé e. Ó ń mú òòyì àti oorun wá, ẹsẹ̀ tó ń gba etí ọ̀gbun kọjá ò sì fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ká a mọ́ ọ lọ́wọ́ láìsí ìwé dókítà, ẹ̀wọ̀n ni.

Jẹ́ kí oògùn kọ̀ọ̀kan wà nínú páálí tirẹ̀. Má da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Mo lẹ téèpù mọ́ ẹ̀yìn àpò oògùn mi, bírò ni mo fi ń kọ aago tí mo lo nǹkan sí i. Bó bá rẹ èèyàn tán lálẹ́, kò ní rántí bóyá òun ti lò ó.

Èyí tó kàn ọ́ jù ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wo orúkọ oògùn rẹ. Bó bá parí sí “pril” tàbí “sartan”, tàbí bó bá jẹ́ èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra, ibuprofen lórí rẹ̀ lè ṣe kíndìnrín ní jàǹbá, pàápàá níbi tí omi ti ń gbẹ lára. Nítorí náà, yọ ibuprofen kúrò nínú ẹrù rẹ ná. Mú páálí oògùn rẹ lọ bá dókítà tó kọ ọ́ fún ọ, kó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ máa gbéra. Bi í bóyá o lè máa fi diclofenac tó jẹ́ ìpara ra orúnkún, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìyẹn fi ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Kó o sì bi í ohun tó yẹ kó o ṣe sí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú ọ lórí òkè.