Yanjú ọ̀rọ̀ omi kí ọjọ́ Karwa Chauth tó dé

Àbúrò mi, o ní ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ ní Delhi lo wà báyìí, pé oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ, o sì fẹ́ mọ ohun tí o máa rà fún Karwa Chauth, ààwẹ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ìyàwó ilé ẹlẹ́sìn Híńdù ń gbà fún ẹ̀mí gígùn ọkọ wọn, àti ọjọ́ tó bọ́ sí. Rírà kò le. Ìkòkò amọ̀ kékeré tó ní imú, asẹ́ ìyẹ̀fun, fìtílà, làálì tí wọ́n máa fi ṣe ọwọ́, gbogbo rẹ̀ máa kún ọjà tí ọjọ́ náà bá ti ń sún mọ́lé. Màmá, ìyá ọkọ rẹ, ló máa gbé sargi fún ọ, ìyẹn oúnjẹ àfẹ̀mọ́júmọ́, bíi sààrì tiwa. Omi ni kó o jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé lórí.

Láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ títí di ìgbà tí òṣùpá máa yọ, omi kò gbọdọ̀ kan ọ̀fun. Èmi náà lóyún lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gbà á. Mo ti bi dókítà mi ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ṣáájú. Kò gbójú sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, kí n lọ bi àwọn ará ilé ọkọ mi. Àwọn ará ilé ní kí n bi pandit, àlùfáà Híńdù. Pandit ní kí n bi dókítà! Ó ṣì ń dùn mí dòní. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn mọ ohun tí òǹgbẹ lè fi aboyún ṣe, ó sì panu mọ́ torí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun.

Nígbà tó fi di ọ̀sán, ètè mi ti gbẹ, ẹ̀fọ́rí ti dé. A kóra jọ, wọ́n ń ka ìtàn Veeravati, obìnrin tí àánú rẹ̀ ṣe àwọn arákùnrin rẹ̀ méje, tí wọ́n fi iná tàn án pé òṣùpá ti yọ. Ó jẹun, ọkọ rẹ̀ kú. Ìyàwó ilé wo ló máa gbọ́ ìyẹn tán tó máa la ẹnu béèrè omi? Alẹ́ lẹ́, a gorí òrùlé. Nǹkan bí aago mẹ́jọ ló yẹ kí òṣùpá yọ, ṣùgbọ́n ìkùukùu ti bo ojú ọ̀run. Àwọn aládùúgbò wà lórí òrùlé tiwọn náà, gbogbo wa kọjú sí ìlà oòrùn. Wọ́n pe pandit lórí fóònù, ó ní ká ṣe sùúrù. Kò béèrè bóyá ara ẹnì kankan kò yá. Ọmọ inú mi tí kì í sinmi kò mira mọ́. Òòyì kọ́ mi, mo ṣubú lu ọkọ mi, òun ló bu omi sí mi lẹ́nu láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ilé ìwòsàn ni ilẹ̀ mọ́ bá wa, omi ni wọ́n ń fà sí mi lára. Ọmọ náà yè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé àṣà yẹn fúnra rẹ̀ fàyè sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, aboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú máa ń mu omi àti wàrà, wọ́n ń jẹ èso, kò sì sẹ́ni tó ń sọ pé ààwẹ̀ wọn kò pé. Ìyá ọkọ mi mọ̀! Wọ́n ní àwọn rò pé dókítà ti sọ fún mi. Nítorí náà, jẹ́ kí ọkọ rẹ bá màmá sọ ọ́ níṣojú rẹ, kó tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá di ọjọ́ náà gan-an, ebi ti ń pa gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́.

Ní ti ọjọ́, má gba èyí tí wọ́n kàn ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni, nígbà tí Kartik, oṣù kan nínú kàlẹ́ńdà Híńdù, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní àríwá Íńdíà. Ará Gujarat tàbí Maharashtra, ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, máa sọ fún ọ pé Kartik kò tíì dé, torí ẹ̀yìn Diwali, àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀, ni tiwọn ń bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú, ọjọ́ kan náà ni. Ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà Híńdù, tí wọ́n ń pè ní tithi, ń tẹ̀ lé òṣùpá, ó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jà lórí Diwali 2024: tithi òkùnkùn oṣù, tí wọ́n ń ṣe Diwali, wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, kò tán títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pandit kan ní òní, òmíràn ní ọ̀la. Karwa Chauth bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá lọ́dún 2024, àti ọjọ́ 10 lọ́dún 2025.

Ààwẹ̀ Ahoi Ashtami tún ń bọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn Karwa Chauth, nítorí ọmọ ni wọ́n ń gbà á, wọ́n sì lè fi oyún rẹ bẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ omi kan náà ni. Tí ẹbí ọkọ rẹ bá jẹ́ ará Bihar, ní ìlà oòrùn Íńdíà, ààwẹ̀ Chhath wà lẹ́yìn Diwali: wákàtí 36 láìmu omi, pẹ̀lú ìdúró nínú odò láti júbà oòrùn tó ń wọ̀ àti èyí tó ń yọ. Ó rẹwà púpọ̀, lọ wò ó, ṣùgbọ́n má gbà á lọ́dún yìí. Èéfín báńgà Diwali náà, ti fèrèsé rẹ pa.

Àkókò tí òṣùpá máa yọ ní Delhi gan-an ni kó o wò, ti Mumbai máa ń pẹ́ jù ú lọ. Tí ìkùukùu bá bò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọjú sí ibi tó yẹ kó wà tí àkókò bá ti tó, wọ́n á da omi sílẹ̀ fún un, wọ́n á sì ṣínu. Ìyẹn náà, bá màmá fẹnu kò lé e lórí ṣáájú.