Ìyá ọkọ ń bọ̀ fún Iléyá, àwọn ọmọ ò jẹ ìkọ́kọrẹ́: èsì mi sí Mummy Ìbejì

Mummy Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ kú ìmúra ọdún. Mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ìyá ọkọ yín ń ti Ìjẹ̀bú-Igbó bọ̀ ní Leeds kí Iléyá tó dé, tí òṣùpá bá sì gbà kó jẹ́ 27 oṣù Karùn-ún 2026, á bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ wà nílé, ni bàbá wọn bá ti ń fọ́nnu pé ìkọ́kọrẹ́, ewùrà tí a sè sínú ọbẹ̀, àti ebìrìpò, kókò rírin tí a pọ́n sínú ewé, gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì, pé níṣojú màmá ni àwọn ìbejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án máa jẹ ẹ́, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé jẹlọ́ọ̀fù, pásítà àti chips ni wọ́n mọ̀. Ẹ wá ní ṣé kí ẹ fipá mú wọn ni, àbí kí ẹ jẹ́ kí ojú ti màmá.

Ẹ má fipá mú wọn, ẹ má sì jẹ́ kí ojú ti màmá. Mo mọ̀ pé èyí ò tíì jẹ́ ìdáhùn. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìpẹru, ìlú ọkọ mi ní Rẹ́mọ, fún yín ná, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ti wá.

Ọdún 2019 ni. Iléyá bọ́ sí 11 oṣù Kẹjọ lọ́dún yẹn, àárín họ́lídè gbọọrọ, ọ̀nà là bí ẹni pé wọ́n là á fún wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í rọrùn báyẹn, ọdọọdún ló ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá tètè dé ju ti èṣí lọ, tó bá ti bọ́ sínú tááàmù, tí ẹ bá kó ọmọ kúrò ní skúùlù, wọ́n lè ní kí ẹ wá san fáìnì. A kó gbogbo ilé láti London lọ sí Ìpẹru. Mùsùlùmí ni ọkọ mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì lèmi, ní Rẹ́mọ ta ló ń fìyẹn ṣe wàhálà, a jọ ń ṣe Kérésì, a jọ ń ṣe Iléyá. A ti rán aṣọ méjì méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún Iléyá gangan, ìkejì fún Ọjúde Ọba, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin fẹ́ ará Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì ní ká wá bá àwọn jókòó lọ́jọ́ kẹta ọdún kí àwọn ọmọ rí àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ regbéregbé. Aṣọ kejì yẹn, a ò wọ̀ ọ́. Ó ti kéré mọ́ àkọ́bí mi báyìí.

Ọjọ́ Iléyá, wọ́n ti pa àgbò, àwọn ìyàwó ilé ń dín ẹran lẹ́yìnkùlé, èéfín gba gbogbo àgbàlá. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kókò. Fúnra wọn ni wọ́n bó o, fúnra wọn ni wọ́n rin ín, ọwọ́ ń yún wọn wọ́n ń fi epo pa á, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé àwọn ọmọ òun láti London fẹ́ jẹ ebìrìpò. Wọ́n pọ́n ọn sínú ewé eéran, wọ́n gbé e kaná. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ rè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, edé, ẹja yíyan, pọ̀nmọ́, gbogbo ẹ̀. Mo rò pé iná igi ò tó tàbí pé èrò pọ̀ tí wọ́n sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Mo kàn ń rò ó ni.

Ẹ gbọ́ o, kò sí ẹni tó fipá mú àkọ́bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó fẹ́ràn ìyá bàbá ẹ̀, ó fẹ́ ṣe nǹkan tí inú wọn á dùn. Òun fúnra ẹ̀ tú ewé, ó bu ńlá, ó gbé e mì, gbogbo ilé ń pàtẹ́wọ́. Ó tún bù. Ìgbà tó yá ló yíjú sí mi tó fi òyìnbó sọ pé ọ̀fun òun ń yún òun. Mo ní mu omi. Ó mu omi, kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ojú ẹ̀ pọ́n, mo wo ètè ẹ̀, ètè ti wú.

Ìyá ọkọ mi ò tiẹ̀ mikàn. Wọ́n ní kókò ló yún un, kò sí nǹkan kan, ẹ fún un lépo lá. Wọ́n ti bu epo sínú ṣíbí, wọ́n ń bọ̀. Èmi tí gbogbo tááàmù ni skúùlù máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sílé pé ẹ má fi ẹ̀pà sínú oúnjẹ ọmọ yín torí ọmọ kan wà ní kíláàsì tí ẹ̀pà lè pa, èmi tí wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé wọn bí wọ́n ṣe ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ohun tó wà lórí mi ni pé èémí ọmọ yìí máa tó há. Mo ta ọwọ́ wọn dànù. Epo ya sí wọn lára, léèsì funfun tí wọ́n fi kírun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo sì sọ ọ́ lókè, "Ẹ fẹ́ pa ọmọ fún mi ni?"

Orogún wọn jókòó síbẹ̀. Àwọn ọmọ orogún wọn jókòó síbẹ̀. Mummy Ìbejì, ọmọ Ìjẹ̀bú lẹ fẹ́, mi ò ní máa ṣàlàyé fún yín ohun tí gbólóhùn yẹn ń jẹ́ nínú ilé olórogún.

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ọ̀nà Ṣàgámù, wọ́n fún un ní oògùn ara yíyún, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ń bá àwọn ọmọ ilé sáré kiri. Dókítà ní ó lè jẹ́ kókò tí kò jinná tó, ó lè jẹ́ edé, ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa tí a bá padà. A padà. Ká tó rí dókítà tó mọ̀ nípa ẹ̀, Kòrónà wọlé, gbogbo nǹkan dúró. Láàárín gbogbo ìgbà yẹn mo yọ edé kúrò nínú ọbẹ̀, mo yọ ẹja yíyan, mo tiẹ̀ yọ irú, kí ni irú ṣe? Kó má ṣẹlẹ̀ mọ́ ni mò ń wá. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò níkẹyìn, edé ò ṣe é nǹkan kan, ẹja ò ṣe é nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn nǹkan wínníwínní kan wà nínú kókò tó mú ṣóńṣó, tí kò bá jinná jinná, á máa gún èèyàn lẹ́nu àti lọ́fun, òun náà ló ń yún ọwọ́ ẹni tó bá ń bó o. Ìyẹn ni pé ohun tí màmá sọ níjọ́ kìíní náà ni wọ́n padà wá sọ fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti mọ́ra pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan nínú nígbà yẹn, èyí èkejì sì kéré gan-an nígbà tí gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò tiẹ̀ mọ adùn míràn.

Tí ẹnikẹ́ni bá ń ka èyí tó ń mi orí pé mo ṣe àṣejù, kó jẹ́ kí ètè ọmọ tiẹ̀ wú ná. Ta ló ń yan ọ̀rọ̀ níbi tí ọmọ ti ń wúkọ́? Ọkọ mi pa á lówe fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, mo ní kó lọ bá ètè ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé màmá ò se ebìrìpò fún wa mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìyá Rẹ́mọ tó bá ti ní kò sí nǹkan kan, ẹ̀yin náà mọ̀. Tí a bá lọ báyìí, ìrẹsì àti adìẹ ni wọ́n máa ń se, wọ́n á ní oúnjẹ àwọn ará London nìyẹn, gbogbo ilé á máa jẹ ẹ́, àwọn àgbàlagbà tó jẹ́ pé òkèlè ni wọ́n ń fẹ́. Tí a bá pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n á kọ́kọ́ kí àwọn ọmọ, wọ́n á wá ní, "Ọ̀fun ọmọ mi ńkọ́?" Ọmọbìnrin mi á rẹ́rìn-ín, ó rò pé màmá ń bá òun ṣeré ni. Ọkọ mi náà ní eré ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Skúùlù ní kí àwọn ọmọ gbé oúnjẹ ìlú wọn wá níjọ́ kan, tèmi gbé jẹlọ́ọ̀fù àti pọ́fù-pọ́fù lọ, bíi gbogbo ọmọ Nàìjíríà yòókù. Ẹnì kan bi í pé kí ni àwọn ará Ìjẹ̀bú ń jẹ gan-an, ó ní gààrí. Kò parọ́ ṣá. Láti ọdún 2024 tí fídíò Ọjúde Ọba ti gba gbogbo orí fóònù, tó bá rí i á ní kí ló dé tí ẹ ò gbé wa lọ ríbẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé ara ẹ̀ ò yá lọ́dún yẹn. Àwọn ọmọ mi ń kúnlẹ̀ kí èèyàn o, wọ́n ń gbọ́ Yorùbá tí a bá ń sọ ọ́, wọn ò yàgò fún ẹbí. Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni oúnjẹ.

Ó dáa, tiyín. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ Iléyá kí wọ́n tó fẹnu kàn án nígbà àkọ́kọ́, ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ọjọ́ ọdún, èrò pọ̀, ojú pọ̀, tí ọmọ bá yínmú, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ọ̀jọ̀jọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ náà ni, ẹ rin ín, ẹ fi ata díẹ̀ àti àlùbọ́sà sí i, ẹ dín in, kò sí ọmọ tí kì í jẹ nǹkan díndín. Ẹ wọ gílọ́ọ̀fù kí ẹ tó bó o. Tí wọ́n bá ti gba ọ̀jọ̀jọ̀, ẹ gbé ìkọ́kọrẹ́ wá, kékeré, ata díẹ̀, lọ́jọ́ lásán. Kí ìkọ́kọrẹ́ ṣáájú ebìrìpò ṣá o. Ọkọ yín lè máa jà pé ebìrìpò ni, àwa Rẹ́mọ la máa ń sọ pé tiwa ni, ẹ fi sílẹ̀ fún wa lọ́tẹ̀ yìí. Tó bá di dandan, kókò yẹn gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí iná gan-an, ẹ jẹ ẹ́ wò fúnra yín, kí ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wo ọ̀fun yín.

Tí wọn ò bá jẹ edé rí, ẹ fún wọn ní díẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́jọ́ tí wọn ò jẹ nǹkan tuntun míràn, kí ẹ lè mọ èyí tó fa kí ni tí nǹkan bá ṣe wọ́n. Edé, alákàn àti àwọn ẹbí wọn wà lára nǹkan mẹ́rìnlá tí òfin ní UK níbí ní kí olóúnjẹ máa sọ, torí ó ń ṣe àwọn èèyàn kan lóòótọ́. Tí ètè bá wú tí èémí sì le, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè, ẹ má dúró ti epo, ẹ má sì dúró máa bá ẹnikẹ́ni jà.

Kí màmá tó wọ bààlúù, ẹ sọ fún wọn lórí fóònù pé àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, kó má jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n máa ti rí i. Kí àwọn ìbejì wọ kíṣìnnì pẹ̀lú màmá, kí wọ́n jọ máa ju ewùrà sínú ọbẹ̀ ní kókó-kókó, èmi ò ráyè ṣe ìyẹn nítèmi, mi ò lè sọ bó ṣe máa rí. Ẹ kìlọ̀ fún màmá kí wọ́n má di ẹran kankan sínú ẹrù, ì báà gbẹ bí igi, wọ́n á gbà á ní éápọ́ọ̀tì.

Tí ẹ ò bá rí ewùrà ní Leeds, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Jàmáíkà tó ń ta iṣu. Àwọn ará Fílípínì náà ní tiwọn tí inú ẹ̀ dà bí àwọ̀ àlùkò, ewùrà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi se ìkọ́kọrẹ́, màmá á ní kí ẹ mú òun padà sílé.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun ṣá, ṣé ọ̀kankan nínú àwọn ìbejì ní ikọ́ fée (asthma)? Ẹ ò sọ ọ́ nínú ìbéèrè yín. Tó bá wà ńbẹ̀, GP, dókítà ìdílé yín, ni kí ẹ kọ́kọ́ rí o, kí ẹ tó gbé edé sún mọ́ wọn, kí ẹ sì sọ ohun tí wọ́n bá wí fún màmá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí se nǹkan kan.