Mycoplasma wà lára adìẹ mi: ṣé dandan ni kí n mọ irú rẹ̀?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn adìẹ mi tó ń yé ẹyin ń wúkọ́, ẹyin sì ti dín kù. Mo fún wọn ní amoxicillin, owó lásán ló bá a lọ. Ilé àyẹ̀wò ní ẹ̀jẹ̀ wọn fi Mycoplasma (oríṣi bakitéríà kékeré kan) hàn, wọ́n tún ní kí n sanwó PCR (àyẹ̀wò tó ń wá jíìnì kòkòrò náà) kí a lè mọ èyí tó jẹ́ gan-an. Àbí owó mi ni wọ́n kàn fẹ́ jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdààmú. Rárá o, òótọ́ ni wọ́n sọ. Èèpo ara bakitéríà ni amoxicillin ń bà jẹ́, Mycoplasma kò sì ní èèpo kankan. Ó tún kéré débi pé ó ń gba inú asẹ́ tó ń dá ọ̀pọ̀ bakitéríà dúró kọjá.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ orí awo yá, ṣùgbọ́n ó máa ń tanni. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó lè ní àrùn wà níbi tí kò sí, ó sì lè pe M. synoviae ní M. gallisepticum (irú Mycoplasma méjì ni wọ́n). Gallisepticum ló sábà ń fa ikọ́ àti àìyéyin. Synoviae ní tirẹ̀ a máa wú oríkèé ẹsẹ̀, a sì máa sọ ṣóńṣó orí ẹyin di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. M. gallinarum sì wà tí kì í sábà ṣe adìẹ ní nǹkan kan. Ẹ wo iye oògùn tí wọ́n ti rà lásán nítorí rẹ̀!

Wọ́n lè gbin Mycoplasma sínú awo oúnjẹ kòkòrò tó ní omi ara ẹ̀jẹ̀ ẹṣin, nítorí kò lè dàgbà láìsí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù. Bó bá hù, ojú ẹ̀rọ amúǹkantóbi á fi hàn bí ẹyin díndín. Àmọ́ ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, PCR ni mo fara mọ́.

Bí ẹ bá ti fún wọn ní àjẹsára kòkòrò ààyè, bíi F tàbí ts-11, gallisepticum náà ni PCR lásán máa pè é. Kí wọ́n ka jíìnì mgc2 rẹ̀ ni wọ́n fi lè mọ̀ bóyá ti àjẹsára ni tàbí ti ìta. Bí ẹ kò bá fún wọn rí, ẹ má sanwó ìyẹn.

Kí ẹ tó tún lo oògùn kankan, kí dókítà ẹran fi òwú gba nǹkan nínú ọ̀nà ọ̀fun àwọn adìẹ bíi mélòó kan, kó sì fi yìnyín gbé e lọ. Tylosin tàbí tiamulin lè dẹ ikọ́ náà, kò ní lé kòkòrò náà tán, kòkòrò náà sì ń ti inú ẹyin ran ọmọ. Nítorí náà, ẹ bi àwọn tí ẹ ti ra ọmọ adìẹ léèrè àbájáde àyẹ̀wò àwọn ìyá wọn. Bó bá jẹ́ tiamulin, ẹ ka ara àpò oúnjẹ wọn dáadáa: bí salinomycin tàbí monensin (oògùn koksídíà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ) bá wà níbẹ̀, méjèèjì pọ̀ lè pa adìẹ.